Ẹ̀bẹ̀ kíkankíkan: ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ń jókòó sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi kọ ọ́ pé “Ó bẹ̀ kíkankíkan ìyá rẹ̀.” Tíṣà fagi lé e. Ṣé “gidigidi” ló yẹ kó lò ni? Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: “Kíkankíkan” tọ́, ààyè rẹ̀ ni kò tọ́. Ẹni tí à ń bẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé “bẹ̀” tààrà: “Ó bẹ ìyá rẹ̀ kíkankíkan.” Ẹ wo àmì ohùn: níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, “bẹ” kò ní àmì ìsàlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àmì náà ṣì wà nínú “ó bẹ̀ mí”. “Bẹ̀bẹ̀” ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tí à ń bẹ̀ tẹ̀ lé e tààrà: “ó bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kíkankíkan.”

“Gidigidi” kò burú, àmọ́ ó gbòòrò jù. Igi lè ga gidigidi, kò lè ga kíkankíkan. Ẹ̀bẹ̀, àdúrà àti ìjà ni kíkankíkan sábà máa ń bá rìn. Alágbàtà gàrí tí gbèsè ká mọ́ ní ọjà Òkè-Ajé, tó kúnlẹ̀, tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ kí wọ́n lè fún un láyè di ọjọ́ ọjà mìíràn, òun ló ń bẹ̀bẹ̀ kíkankíkan. “Ẹ jọ̀ọ́” ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì débẹ̀. Kí ọmọ má sì kọ “kíkànkíkàn”. Ìyẹn ti di ti ìṣó kíkàn.