Ìbéèrè Yín Lórí Ìṣirò: Ìdáhùn Tí Ó Sọnù àti Èyí Tí A Mọ̀ọ́mọ̀ Dà Nù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ṣómólú. Wọ́n kọ́ wa pé ohunkóhun tí ó bá kọjá sí òdìkejì àmì ìdọ́gba gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àmì rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú 5(x − 3) = 2x + 9, mo sì rí −8, ṣùgbọ́n 8 ni ó wà nínú ìwé. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ìlà tí ó kẹ́yìn ni o ti ṣì í. Kọ́kọ́ tú àkámọ́ náà: 5x − 15 = 2x + 9. Yọ 2x kúrò ní apá méjèèjì, ó di 3x − 15 = 9. Fi 15 kún apá méjèèjì, ó di 3x = 24. Ó dà bí ẹni pé o bá a dé ibí yìí láìṣìṣe, kí o tó gbé 3 kọjá, tí o sọ ọ́ di −3 gẹ́gẹ́ bí òfin tí o há sórí, tí o wá fi −3 pín 24. Bẹ́ẹ̀ 3 yẹn kì í ṣe ohun tí a rò pọ̀ mọ́ x tàbí tí a yọ kúrò lára rẹ̀; ńṣe ni ó sọ x di ìlọ́po mẹ́ta, pípín nìkan ni ó sì lè tú u. Fi 3 pín apá méjèèjì, x di 8.

Èmi kò fẹ́ràn òfin pé kí nǹkan kọjá kí ó sì pààrọ̀ àmì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yá lọ́wọ́, nítorí kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ó ṣe gan-an. Kò sí nọ́ńbà tí ó kọjá sí ibì kankan: ohun tí a ṣe sí apá kan ni a ṣe sí èkejì. Máa kọ ohun tí o ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí o sì dá ìdáhùn rẹ padà sínú ìbéèrè. 5(8 − 3) jẹ́ 25, 2(8) + 9 náà sì jẹ́ 25. Ká ní o ti dá −8 padà ni, −55 ni ìbá jáde ní apá kan, −7 ní èkejì.

Ìbéèrè: Èbúté Mẹ́ta ni mo ń gbé. Ọmọbìnrin mi fi x pín apá méjèèjì x² = 6x, ó sì rí x = 6. Ìdajì máàkì ni olùkọ́ fún un. Ṣebí ohun kan náà ni ó ṣe sí apá méjèèjì?

Ìdáhùn: Bàbá, ohun kan náà ni ó ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi òdo pín nǹkan, ẹni tí kò sì tíì mọ iye tí x jẹ́ kò lè búra pé kì í ṣe òdo. Níhìn-ín, ó lè jẹ́ òdo: 0² àti 6(0) dọ́gba. Kí ó yọ 6x kúrò ní apá méjèèjì, kí x² − 6x = 0 di x(x − 6) = 0. Bí nọ́ńbà méjì bá lọ́po ara wọn tí ó di òdo, dandan ni kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òdo. Nítorí náà x jẹ́ 0 tàbí 6. Ìgbà tí ó fi x pín in ni 0 sọnù, kò sì sí ohun kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò ta á lólobó.

Èyí yàtọ̀ sí ìdáhùn tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Al-Khwarizmi, ọ̀mọ̀wé tí ó ṣiṣẹ́ ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, yanjú ohun tí àwa yóò kọ lónìí bíi x² + 10x = 39. Ó mú ìdajì 10, ìyẹn 5; ó fi 5 lọ́po ara rẹ̀, ó di 25; ó fi 25 kún 39, ó di 64. 8 ni a fi lọ́po ara rẹ̀ tí ó di 64. Ó yọ 5 kúrò nínú 8, ó ku 3. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí 25 ti wá, ẹ ya igun mẹ́rin ọgbọọgba tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ x sórí ìwé, kí ẹ fi ọ̀já méjì tí ó fẹ̀ ní 5 lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì tí ó pàdé. Kọ̀rọ̀ kan yóò ṣófo, tí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5. 25 yẹn ni ó dí i.

−8 náà lọ́po ara rẹ̀ di 64, nítorí náà àwa yóò fi −13 kún ìdáhùn. Òun kò kà á mọ́ ọn, nítorí gígùn ẹ̀gbẹ́ ni x nínú àwòrán rẹ̀, kò sì sí ẹ̀gbẹ́ tí ó kéré sí òdo. Kí ọmọ yín kọ méjèèjì, àyàfi bí ìbéèrè bá sọ pé gígùn tàbí iye ènìyàn ni à ń wá.

Ìbéèrè: Mò ń ṣe kéèkì tà ní Sùúrùlérè. Mo máa ń gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin páálí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24, kí n tó ká a sókè di àpótí tí kò ní ìdérí. Ọmọ mi fi kálkúlọ́ọ̀sì, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, wá ìwọ̀n tí mo gbọ́dọ̀ gé kí àyè inú rẹ̀ lè pọ̀ jù lọ, ó ní 4 tàbí 12. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú òwò o, ìyá oníkéèkì. 4 ni, ṣùgbọ́n kí a tó mú àlùmọ́gàjí, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí méjèèjì ti wá. Bí ẹ bá gé igun mẹ́rin ọgbọọgba tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ x kúrò ní igun páálí kọ̀ọ̀kan, gíga àpótí jẹ́ x, gígùn àti fífẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ku 24 − 2x, nítorí igun méjì ni ó bọ́ lára ẹ̀gbẹ́ kan. Àyè inú rẹ̀ ni V = x(24 − 2x)², tí a bá tú u, V = 4x³ − 96x² + 576x.

Láti mọ bí V ṣe ń yí padà, ẹ fi nọ́ńbà kékeré tí ó wà lókè x lọ́po èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹyọ kan dín ti òkè kù: dV/dx = 12x² − 192x + 576. Níbi tí àpótí ti gba ẹrù jù lọ, V kò gòkè mọ́, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, nítorí náà dV/dx jẹ́ òdo níbẹ̀. Ẹ fi 12 pín gbogbo rẹ̀ (12 kì í ṣe òdo, kò séwu): x² − 16x + 48 = 0. Nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 16, tí ìlọ́po wọn sì jẹ́ 48, ni 4 àti 12.

Bí ẹ bá gé 12 ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ ti gé gbogbo páálí náà tán, kò sí ìsàlẹ̀ tí kéèkì yóò jókòó lé. Ìdí tí a fi da 12 nù nìyẹn, kí ọmọ yín sì kọ ìdí náà sílẹ̀ nínú ìdánwò. Tí ẹ bá gé 4, àyè inú jẹ́ 4 × 16 × 16, ìyẹn 1,024 cm³. Ẹ gé 3, ó di 972. Ẹ gé 5, ó di 980. Síbẹ̀, àpótí tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4 péré lè kúrú fún kéèkì yín, nítorí a kò fi gíga kéèkì sínú ìṣirò yìí rárá.

Ìbéèrè: Kí ni C tí wọ́n ń kọ sí ìparí íńtígíréṣọ̀n wúlò fún? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìsàlẹ̀ Èkó)

Ìdáhùn: Tí o bá wá dy/dx fún x² + 4 tàbí x² − 100, 2x ni ìwọ yóò rí, nítorí nọ́ńbà tí ó dá dúró kì í yí padà. Bí o bá wá ń padà láti 2x, èyí tí í ṣe iṣẹ́ íńtígíréṣọ̀n, o kò lè mọ èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. C ni ó di àyè rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá sọ pé ìlà náà gba (1, 5) kọjá, fi 1 sí ipò x àti 5 sí ipò y: 5 = 1 + C, C jẹ́ 4, y = x² + 4. Bí wọn kò bá sì sọ ibi tí ó gbà kọjá, fi C sílẹ̀ bí ó ṣe wà.