Pápá wo ló wà nínú "pápá iná"?

Ìbéèrè: Mo ka àlàyé kan nípa ẹ̀rọ tó ń mọ ibi tí ọwọ́ wà láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án. Wọ́n ní "pápá iná" ló ń lò. Ṣé pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà ni?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ má jẹ́ kó mú ọ ronú ilẹ̀. Pápá tí a mọ̀ tẹ́jú, ó sì lópin. Pápá iná ò tẹ́jú: ó yí nǹkan tí iná mànàmáná wà lára rẹ̀ ká lókè, nísàlẹ̀, níwájú, lẹ́yìn. Kò ní ọgbà. Agbára rẹ̀ kàn ń dín kù bí a ṣe ń jìnnà sí i ni.

Bó bá jẹ́ tèmi, òjìji ni mo máa fi ṣàlàyé ẹ̀. Gbé irin pẹlẹbẹ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fi iná tó ń lọ tó ń bọ̀ sára ọ̀kan. Èkejì á gba díẹ̀ nínú rẹ̀ láìsí wáyà láàárín wọn. Wá na ọwọ́ sí wọn. Omi oníyọ̀ ló kún ara èèyàn, iná sì ń gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Ọwọ́ á fa lára iná yẹn lọ sílẹ̀, èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ irin kejì á dín kù, bí ìgbà tí ọwọ́ dí oòrùn. Àmọ́ irin kan ṣoṣo tó ń gbà á ò tó, torí ọwọ́ ńlá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán àti ọwọ́ kékeré tó wà nítòsí lè dá òjìji kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to irin mélòó kan, kí kọ̀ǹpútà lè fi òjìji wọn wéra kó tó sọ ibi tí ọwọ́ wà. (Bí ọwọ́ bá sún mọ́ wọn jù, ọ̀rọ̀ lè yí padà: ọwọ́ náà á di afárá tí iná ń gbà kọjá.)

Ẹja ti mọ èyí ṣáájú wa. Ní 1951, Hans Lissmann, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Cambridge, kọ ọ́ pé Gymnarchus niloticus, ẹja odò Áfíríkà, ń tú iná tí kò lágbára jáde láti ìrù rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, nǹkan bí ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí iná náà ti yí padà, kì í sì í kọ lu nǹkan nínú omi dúdú, kódà bó bá ń fẹ̀yìn wẹ̀.

Òkùnkùn ò dí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Wọ́n lè fi pákó tàbí ike bo àwọn irin rẹ̀, pápá á ṣì gba inú rẹ̀ kọjá. Irin ni kò ṣeé fi bò ó.