Ohùn ìyá

Ẹ ní àbúrò yín obìnrin wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga nínú oyún, ẹbí sì ń jiyàn bóyá kí wọ́n gba oyún náà kúrò, pé láàárín ìyá àti ọmọ inú, ẹ̀tọ́ ta ló wúwo jù. Èmi náà ti jókòó sílé ìwòsàn kan ní Òṣogbo rí, tí mò ń wọn ẹ̀tọ́ bí ẹni ń wọn gààrí lọ́jà Ìgbọ̀nà.

Oṣù kẹjọ ni, ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun gan-an. Àwọn èèyàn ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi bọ̀ láti Igbó Ọ̀ṣun, ọmọ ni wọ́n ń tọrọ. Èmi ń wo ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí. Oyún ìyàwó mi pé ọ̀sẹ̀ 21. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di 190 lórí 120, ojú rẹ̀ wú, ó ní nǹkan ń kọ mànà lójú òun. Dókítà ní torí kí gìrì má baà mú un nìkan làwọn ṣe ń fún un lábẹ́rẹ́. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún yẹn ò ní lọ àfi tí oyún àti ibi ọmọ bá kúrò. Ó sì ṣọ̀wọ́n gidi kí ọmọ ọ̀sẹ̀ 21 yè níta. Ẹ̀rù òfin bà mí, torí ẹni tó bá ṣẹ́yún fún obìnrin lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14, obìnrin fúnra rẹ̀ ọdún 7. Dókítà ní òótọ́ ni, àmọ́ abala 297 nínú òfin ìwà ọ̀daràn kan náà fàyè gba iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ṣe láti dá ẹ̀mí ìyá sí.

Síbẹ̀ mo ń pe èèyàn kiri. Pásítọ̀ ní kí n dúró de iṣẹ́ ìyanu. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ mùsùlùmí (bí ìdílé ṣe máa ń rí nílùú wa nìyẹn) ní lóòótọ́ a ti kọjá 120 ọjọ́ tí ẹ̀mí ń wọ ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá ni gbòǹgbò, ọmọ ni ẹ̀ka. Ìyá ìyàwó mi ò ṣàlàyé kankan. Wọ́n ní, “Kí omi dànù, kí agbè má fọ́.” Wákàtí mẹ́rin ti lọ nígbà yẹn.

Nọ́ọ̀sì kan ló wò mí títí, ó ní, “Dádì, ṣé ẹ tiẹ̀ ti bi ìyàwó yín léèrè?”

Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló wà látàárọ̀, ó lajú sílẹ̀. Ó ní, “Mo ti ń gbọ́ gbogbo yín. Mo fẹ́ yè. Mo sì fẹ́ rí ojú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sin ín.”

Àdúrà wa lórí aboyún ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Mo ti gbóhùn pásítọ̀, mo ti gbóhùn ẹ̀gbọ́n, mo ti gbóhùn àna.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọmọ inú kì í ṣe nǹkan. Títí dòní, tí wọ́n bá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, mo máa ń kọ́kọ́ dákẹ́. Ti ọmọbìnrin tó gboyún nílé ìwé tí kò fẹ́ ẹ, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, ojú mi ò rí i, mi ò ní dá a. Ṣùgbọ́n ti àbúrò yín yìí, ẹ kó gbogbo ẹbí jáde kúrò ní yàrá yẹn, kí dókítà jókòó tì í, kó sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún òun fúnra rẹ̀. Lónìí ni o. Ìfúnpá kì í dúró de ìpàdé ẹbí.