Kí ló dé tó fi jẹ́ Èsìẹ́ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ wà?

Ẹnìkan béèrè pé kí ló gbé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ sí Èsìẹ́, ìlú kékeré ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí Èkó àti Ìbàdàn wà níbẹ̀. Ère tó wà nínú igbó ìlú náà ló fà á.

Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, òkúta rírọ̀ tí irin ń gbẹ́ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ga tó mítà kan. Ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí. Àwọn kan ń lu ìlù tàbí fọn fèrè. Àwọn obìnrin kan mú àdá lọ́wọ́. Ilà wà lójú wọn, irun orí wọn sì fi hàn pé ẹni tó gbẹ́ wọn ò kánjú rárá. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ti kán lọ́rùn.

Àwọn ará ìlú ní àlejò ni àwọn ère náà nígbà kan rí, tí wọ́n di òkúta, ọba wọn sì wà láàárín wọn tí à ń pè ní Ọba Ère. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn sọ pé ère ti wà níbẹ̀ kí àwọn ará Èsìẹ́ òde òní tó tẹ̀dó. Èmi ò rí ìjà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì: ẹni tó bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ á ṣáà wá ìtàn fún un.

Ní 1933, Ramshaw, òyìnbó tó ń bẹ àwọn ilé ìwé ìjọ CMS wò, rí ère náà, ìròyìn sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Àwọn kan máa ń sọ pé òun ló ṣàwárí wọn. Ẹ gbà mí o! Kí wá ni Àwòrò, olórí àwọn tó ń bọ ère náà, àti gbogbo ìlú ń bọ ṣáájú ìgbà yẹn?

Ère tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ìlú ń bọ, kò ṣeé kó lọ síbòmíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ilé tọ̀ ọ́ wá ní 1945. Ti Jos kò dé títí di 1952, ti Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1954. Lónìí, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń ṣọ́ wọn lọ́wọ́ òjò àti olè. Síbẹ̀, bí ọdún Ère bá dé, Àwòrò ló ń ṣáájú, òṣìṣẹ́ ìjọba á sì yà fún un.