Wákàtí mélòó gan-an ni Ìkẹjà sí Heathrow?

Ìbéèrè: Ọmọ mi bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ lóṣù kejìlá. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ní a ó gbéra n'Íkẹjà ní 10:30 àárọ̀, a ó dé Heathrow ní 4:00 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ nìyẹn. Ti àbọ̀ lóṣù kejì jẹ́ 11:00 àárọ̀ sí 6:30 ìrọ̀lẹ́, ìyẹn méje àti ààbọ̀. Ọkọ ọmọ mi ní mẹ́fà àti ààbọ̀ ni. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ tuntun o, Màmá. Ọkọ ọmọ yín ló gbà á. Mẹ́fà àti ààbọ̀ ni lílọ, òun náà ni bíbọ̀.

Aago ìlú tí bàálù bá wà ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì: gbígbéra, aago Nàìjíríà, dídé, aago Lọ́ńdọ̀nù. Lóṣù kejìlá, aago tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú tiwọn. Tí ẹ bá fi dé ní aago mẹ́rin tiwọn, aago márùn-ún ti lù nílé. Ẹ wá kà á láti 10:30 dé aago márùn-ún. Tí ẹ bá ń bọ̀, wákàtí kan náà ló tún ń padà wọlé, òun ló sọ mẹ́fà àti ààbọ̀ di méje àti ààbọ̀ lójú tíkẹ́ẹ̀tì. Ká ní oṣù kẹfà lẹ fẹ́ lọ ni, ọ̀rọ̀ yìí ò ní wáyé rárá, torí láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta sí èyí tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, wọ́n ti ti aago wọn síwájú, a sì jọ ń lo aago kan náà.

Ọ̀nà náà tó bíi 5,000 kìlómítà. Bàálù tó ti gòkè tán ń sá bíi 900 ní wákàtí kan, ẹ sì lè ní ṣebí márùn-ún àti ààbọ̀ náà nìyẹn. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n bá ti ti bàálù kúrò nídìí ilé èrò ni wọ́n ti ń ka àkókò, títí tó fi dúró níbi tí ẹ ó ti sọ̀. Rírìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ wà nínú ẹ̀. Bàálù sì máa ń pọ̀ jù ní Heathrow náà: wọ́n lè ní kí bàálù yín máa pòòyì lókè ná kí àyè tó yọ. Ọ̀nà òfurufú pàápàá ń yí padà. Nígbà tí ìjọba Niger ti ojú ọ̀run wọn pa lóṣù kẹjọ 2023, àwọn bàálù tó ń gba ibẹ̀ kọjá ní láti yà gba ibòmíràn, ìrìnàjò sì gùn sí i.

Ẹni tó ń lọ New York ló máa ń rí ìyàtọ̀ lílọ àti bíbọ̀ tòótọ́, torí atẹ́gùn líle kan ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ó ń dí wọn lọ́wọ́ ní lílọ, ó ń tì wọ́n ní bíbọ̀. Ní tiyín, àríwá gan-an ni Lọ́ńdọ̀nù wà sí Èkó. Ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn yẹn ti máa ń kàn yín.

Ẹ sọ fún ọkọ ọmọ yín pé kó máa retí yín ní bíi aago márùn-ún ààbọ̀ tiwọn, torí ìlà àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, àti dídúró de ẹrù. Fóònù yín á yí aago fúnra ẹ̀ tó bá ti rí nẹ́tíwọ̀kì. Tọwọ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa fà á sẹ́yìn. Kí súwẹ́tà wà nínú báàgì ọwọ́ o, ẹ má kó o sínú ẹrù ńlá. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ oṣù kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú níbẹ̀.