Ẹ̀yin Ẹ Bi Wá: Kí Ló Dé Tí Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ Mi Ń Ṣomi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin. Wọ́n sanra dáadáa, ara wọn le, àmọ́ tí mo bá ti kó wọn lọ fún alápatà mi l'Ádó, á ní ẹran wọn funfun jù, ó rọ̀, omi ń dà lára ẹ̀ lórí tábìlì, tí wọ́n bá sì gbé e kaná, á sún kì. Ó ti ń yọ owó mi. Àwọn kan ní èèpo ẹ̀gẹ́ tí mo fi ń bọ́ wọn ló fà á. Ṣé lóòótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, èèpo ẹ̀gẹ́ kọ́ ló fà á, àmọ́ ẹ rí i pé ẹ ń sá a gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fún wọn, torí oró tó wà lára ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ kó wọn lọ yẹn ni mo fura sí. Ẹ ò sọ bẹ́ ẹ ṣe ń kó wọn, àmọ́ mo ti rí ohun tí àwọn èèyàn wa ń ṣe lójú ọ̀nà Adó yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: wọ́n á di ẹlẹ́dẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n á jù ú sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù nínú oòrùn ọ̀sán, á máa ké títí ohùn ẹ̀ á fi há, tí wọ́n bá dé ọ̀hún wọ́n á wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n á tún nà án lé e, ojú ẹsẹ̀ náà ni ọ̀bẹ. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí pé ẹlẹ́dẹ̀ ò lè làágùn bíi tiwa, kò sí bó ṣe fẹ́ tu ara ẹ̀ lára.

Ohun tí ìwádìí fi hàn rèé. Ṣúgà kan wà tí ẹran ń tọ́jú pamọ́ sínú iṣan. Tí wọ́n bá ti pa á, ṣúgà yẹn á máa di ásíìdì, ásíìdì yẹn la sì fẹ́, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ la fẹ́ ẹ. Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní pH, bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni nọ́ńbà ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀: nǹkan bíi 7 ló máa ń wà nígbà tí ẹran ṣì wà láàyè, á wá rọra sọ̀ dé bíi 5.6 láàárín wákàtí 24. Àmọ́ èyí tí ẹ̀rù ń bà, tára ẹ̀ ń gbóná, tí wọ́n nà kí wọ́n tó pa á, tiẹ̀ ò ní rọra, á ti já wá sísàlẹ̀ 6 kó tó pé ìṣẹ́jú 45, nígbà tí ẹran ṣì gbóná. Ásíìdì àti ooru pa pọ̀ ló ń ba purotéènì tó di omi mú nínú ẹran jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi funfun, tó rọ̀, tó ń ṣomi. PSE lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Tó bá wá jẹ́ pé ìyà yẹn pẹ́, bóyá wọ́n so ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì láìjẹun, ṣúgà yẹn á ti tán pátá, ẹran á dúdú, á gan, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́.

Irú ẹlẹ́dẹ̀ náà wà níbẹ̀ o. Ní 1991 àwọn onímọ̀ ní Kánádà rí àléébù kan nínú jíìnì, ìyẹn ohun àbínibí tí òbí fi ń ta àtaré ìrísí àti ìwà fọ́mọ, tó ń mú kí ìpayà tètè ba ẹran àwọn kan jẹ́, ó wọ́pọ̀ lára Pietrain, ìran tí ò lọ́ràá tí wọ́n mú wá láti Bẹ́ljíọ̀mù. Torí náà ẹ bi ẹni tó ta akọ fún yín léèrè ibi tó ti rí i.

Ẹ dá oúnjẹ dúró ní bíi wákàtí 12 kí wọ́n tó pa wọ́n, àmọ́ ẹ má fi omi dù wọ́n láé. Ìdájí ni kẹ́ ẹ gbéra. Ẹ má kó àwọn tí ò jọ gbé pọ̀ sínú mọ́tò kan náà, wọ́n á jà. Ẹ fi pákó ṣe àtẹ̀gòkè, ẹ mú pátákó fẹ̀ǹfẹ̀ kan dání kẹ́ ẹ máa fi darí wọn láti ẹ̀yìn, ẹ sọ pàṣán nù. Tẹ́ ẹ bá dé Adó, ẹ bẹ alápatà yín kó jẹ́ kí wọ́n sinmi fún wákàtí méjì sí mẹ́ta níbi tó ní ibòji, kẹ́ ẹ bu omi sí wọn lára.

ÌBÉÈRÈ: Akọ ẹlẹ́dẹ̀ tá a pa l'Émùré ń rùn bí ìtọ̀ nígbà tí wọ́n ń sè é. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá, kò bàjẹ́. Nǹkan méjì ló ń rùn: androstenone tó ń jáde látinú kórópọ̀n, àti skatole látinú ìfun. Akọ tó ti dàgbà tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá ló máa ń ní in. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran máa tẹ̀ wọ́n lọ́dàá láti kékeré, pẹ̀lú oògùn tí ò ní jẹ́ kí wọ́n jẹ̀rora. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń jẹ́ kí wọ́n sùn nínú ìgbẹ́, skatole máa ń pọ̀ sí i lára irú wọn, pàápàá nígbà ooru, ẹ fọ ilẹ̀ ibẹ̀ lójoojúmọ́.