Owó Géètì Ìlọrin

Láti òkè lẹ́tà rẹ, "wọ́n" lo fi ń pe màmá rẹ. Ìgbà tó o dé ìdí owó géètì, owó tí àwọn òǹwòran san wọlé eré, ni "wọ́n" di "ó". "Ó jí owó, ó bá awakọ̀ sá lọ." Màmá ẹni ọdún 73! Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí kí n tó ka ìyókù.

Kí àwọn òǹkàwé lè bá wa lọ: òṣèré tíátà alárìnkiri ni màmá arábìnrin yìí, gbajúmọ̀ ni wọ́n láyé ìjọ́sí, àwòrán wọn sì jáde nínú Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó ń fi àwòrán sọ ìtàn eré. Ọmọ ọdún 17 ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ ẹgbẹ́ ní 1969, kò sì pé ọdún kan tí ọ̀gá ẹgbẹ́ fi wọ́n ṣe ìyàwó kẹta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 1980, ní Ìlọrin, eré parí, màmá gbé àpótí owó géètì, wọ́n bá awakọ̀ ẹgbẹ́ lọ, wọ́n sì mú ọmọ wọn ọlọ́dún 6 dání. Ọ̀rọ̀ náà di orin lẹ́nu aráyé. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ gbé kámẹ́rà wá kí màmá sọ ìtàn ayé wọn, ọmọkùnrin arábìnrin yìí sì ń gbé ìyàwó nílé pásítọ̀. Arábìnrin náà ní kí n kọ́ òun bí òun yóò ṣe pa màmá lẹ́nu mọ́ títí ìgbéyàwó yóò fi kọjá.

N kò ní kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín lẹ́tà rẹ tó o sáré gbà kọjá. O ní: "Bàbá mi kì í sanwó fún un, ìyàwó ilé ṣáà ni." Lẹ́yìn ìyẹn, o bọ́ sórí aṣọ ìgbéyàwó. Padà síbẹ̀, jọ̀wọ́. Ọdún 11! O sọ fúnra rẹ pé eré mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀. Ká yọ ọjọ́ àìsàn, ká yọ ìgbà ìbímọ, eré náà á lé ní 1,500. Owó eré kan ṣoṣo ni màmá rẹ gbé. Ta wá ló jẹ ta ni gbèsè?

Mo wà lọ́mọdé nígbà tí ẹgbẹ́ kan wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa. Láti ọ̀sán ni ọkọ̀ wọn ti ń yí ìlú ká, gbohùngbohùn ń ké, àwọn obìnrin ń kọrin lórí ọkọ̀ nínú oòrùn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo yọ́ gba ẹ̀yìn lọ, mo yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin kan jókòó lórí àpótí aṣọ, ó ti lé tìróò, ó ti kun àtíkè, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Bí ìlù tirẹ̀ ṣe dún, ó já ọmú lẹ́nu ọmọ, ó gbé e lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́, ó sì jáde síta bí olorì. Omi ọyàn ti rin bùbá rẹ̀. Ó fa ìborùn bò ó, kò dá orin dúró. Ọmọ ń ké lẹ́yìn aṣọ títa, àwa ń pàtẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí eré tán, mo tún rí i tó ń ká aṣọ títa, ó ti fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Mi ò gbàgbé obìnrin yẹn rí. Kó o tó pe màmá rẹ ní olè, rò ó pé ìwọ lọmọ tó wà lẹ́yìn aṣọ títa yẹn.

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ nílé bàbá rẹ. Nígbà tí Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn lọ ṣe tíátà, wọ́n ní iṣẹ́ aṣẹ́wó ni. Ó wá ń fi àwọn òṣèré rẹ̀ obìnrin ṣe aya kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tọ ọ̀nà yìí, nígbà tí ẹgbẹ́ sì fi lé ní 100 nílẹ̀ Yorùbá, ìwọ ka iye ìyàwó tó ń ṣeré, tó ń se oúnjẹ òṣèré, tó ń ja tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́tà àwọn ọmọ wọn pọ̀ lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló ń tijú ìyá. Kò tí ì sí ọ̀kan tó kọ̀wé pé òun ń tijú bàbá.

Nígbà tí wọ́n jí Ọ̀run Móoru, fíìmù Bàbá Sàlá aláwàdà, ṣe sínú fídíò, tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, gbogbo wa la bá a kẹ́dùn. A mọ̀ nígbà yẹn pé ẹni tó jẹ owó iṣẹ́ òṣèré, olè ni. Kí ló dé tí kò yé wa nígbà tó kan màmá rẹ?

Ní ti awakọ̀, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ àná. Ọkọ méjì tí wọ́n fẹ́ lẹ́yìn náà, kò kàn mí, kò sì kan pásítọ̀. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé o ti gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí àwọn oníkámẹ́rà má baà rí wọn pè. O gba fóònù lọ́wọ́ ìyá tó gbé ọ sá ní òru! Dá a padà lálẹ́ òní, kúnlẹ̀ kó o tó nà án sí wọn. Owó àpótí yẹn lo jẹ, òun lo fi sùn sábẹ́ òrùlé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bí àwọn ọmọ oníkámẹ́rà bá dé, jókòó ti màmá rẹ. Bi wọ́n ní èló ló wà nínú àpótí náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Iye náà kò sí nínú lẹ́tà rẹ, mo sì mọ̀ pé o kò bi wọ́n rí.